Nígbà Tí Mímí Ehoro Bá Yí Padà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Sísín, Ọ̀fìnkìn àti Èémí Líle

Nínú gbogbo ohun tí àwọn tó ń sin ehoro nínú ilé máa ń bi mí, ọ̀rọ̀ imú àti èémí ló pọ̀ jù. Ó sì yé mi. Ehoro kì í gbó, kì í ráhùn, kì í wá sùn sí ènìyàn lẹ́sẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ẹran tí ọ̀pọ̀ ẹran mìíràn ń pa jẹ ni, ẹni tó bá sì fi àárẹ̀ hàn nínú wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé. Nítorí náà, á fi àìsàn pa mọ́ títí agbára ìfipamọ́ yóò fi tán. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa bá máa rí i, ó ti pẹ́ lára rẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà ẹran. Ohun tí mo kọ síbí ni mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó bá mi tọ́jú ehoro, àti lára Òwú, ehoro mi funfun tó bá ọ̀fìnkìn gbé fún ọdún mẹ́rin.

Ehoro mi sín lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Ṣé àìsàn ti dé nìyẹn?

Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Bí eruku inú koríko gbígbẹ bá wọ̀ ọ́ nímú, á sín. Bí omi bá ta sí i nímú níbi tó ti ń mu ún, á sín. Ohun tó tẹ̀ lé sísín náà ni kí ẹ wò. Bó bá sín, tó gbọn orí, tó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀ tí imú rẹ̀ gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ kàn máa fojú sí i lára.

Àmọ́ bó bá ń sín lójoojúmọ́, tàbí tó ń sín léraléra láìdákẹ́, tàbí tí omi, ikun funfun tàbí ohun tó dà bí ọyún bá ń bá a jáde, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti eruku. Ẹ pe dókítà, ẹ má retí pé yóò lọ fúnra rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn ti àwa ènìyàn ṣe máa ń lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mímí rẹ̀ kò dáa?

Ẹ ka èémí rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá, kí ẹ lè mọ iye tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má ṣe jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán, kí ẹ má sì gbé e. Ẹ wo ìhà rẹ̀. Bí ìhà bá yọ tó sì wọlé, èémí kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ehoro tó ń sinmi sábà máa ń mí bí ìgbà 30 sí 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀.

Ẹ má ṣe ka imú o. Imú ehoro tó ń mì tìkìtìkì kì í ṣe iye èémí rẹ̀; òórùn ló ń wá kiri. Bí nǹkan bá gba ọkàn rẹ̀, á máa yára. Bó bá sùn, ó lè dúró pátápátá, kò sì sí ewu níbẹ̀.

Lẹ́yìn kíkà, ẹ tẹ́tí. Mímí ehoro kì í dún. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohun bí ẹni tó ń hanrun, bí ìfé tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí bí ikun tó ń hó nínú imú, nǹkan ti dí ọ̀nà.

Àmì wo ló ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ òru?

Ẹnu ṣíṣí. Bí ehoro bá ń fi ẹnu mí, ẹ má ṣe dúró ka ìyókù ojú ewé yìí.

Imú ni ehoro fi ń mí. Bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe rí, ọ̀nà èémí rẹ̀ lọ tààrà sẹ́yìn imú, kò sì rọrùn fún un rárá láti gba ẹnu mí bí àwa ṣe ń ṣe nígbà tí imú wa bá dí. Nígbà tó bá fi máa la ẹnu, gbogbo ọgbọ́n mìíràn ti tán.

Àwọn àmì mìíràn tó jọ ọ́: ó na ọrùn, ó gbé orí sókè bí ẹni tó ń wo òkè àjà; ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá mí; ikùn rẹ̀ ń fà wọlé gan-an; ètè tàbí inú ẹnu rẹ̀ ń di aró tàbí ó funfun; ó kọ̀ láti fi àyà lélẹ̀. Ehoro tí àyà ń há kì í fẹ́ dùbúlẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ, ẹ fi í sínú àpótí tí atẹ́gùn ń wọ̀ dáadáa, kí ẹ fi aṣọ bo apá kan kí ojú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ẹ má ṣe fi omi tàbí oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ẹ má ṣe dì í mú níbi àyà. Ẹ má sì dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́: àyà ehoro kéré gan-an sí ikùn rẹ̀, bí ẹ bá dojú rẹ̀ sókè, gbogbo ìfun yóò wó lu ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fóònù ṣáájú, kí wọ́n lè ṣètò ọ́síjìn dè yín.

Imú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n irun ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń lẹ̀ pọ̀. Kí ni ìyẹn?

Imú rẹ̀ kò mọ́. Ó ń nù ún ni.

Báyìí ni Òwú ṣe tàn mí jẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń wo imú rẹ̀, àràárọ̀ ni mò ń rí i tó gbẹ, tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo imú. Ó di ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ọ̀tún mú, ó yí apá inú rẹ̀ síta, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Irun ibẹ̀ ti le, ó ti dì pọ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà gbẹ mọ́, ó sì ti di àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń nu ikun ọjọ́ gbogbo sí. Láti ọjọ́ náà, inú ẹsẹ̀ iwájú ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára ehoro èyíkéyìí.

Kí ló ń fa ọ̀fìnkìn ehoro gan-an?

Kòkòrò àìfojúrí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ *Pasteurella multocida* ni wọ́n mọ̀ jù. *Bordetella bronchiseptica*, *Staphylococcus aureus* àti *Pseudomonas* náà máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ehoro tí ara wọn le koko ló ń gbé *Pasteurella* kiri nínú imú. Wọ́n lè ti kó o lára ìyá wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Kòkòrò náà á sùn síbẹ̀. Ohun tó bá tán ehoro lókun ló máa ń jí i: ìrìn àjò, ilé tuntun, ehoro mìíràn tó ń bá a jà, afẹ́fẹ́ tó ń rùn, oúnjẹ tí koríko kò pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀rù ojoojúmọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó ra ehoro tí kò ṣe nǹkan kan fi lè rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé ó ti ń sín. Ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi bú ara yín.

Kì í ṣe imú nìkan ló máa ń dúró sí. Ó lè gba inú lọ sí etí, orí ehoro á wá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa ṣubú. Ó lè lọ sójú, ó lè sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró kó di òtútù àyà, ó sì lè di oówo lábẹ́ awọ. Ọyún ehoro kì í ṣàn bíi ti ènìyàn. Ó ki bí ọṣẹ ìfọyín, kì í fẹ́ jáde, oògùn kì í sì í rọrùn láti wọ inú rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí dókítà fi sábà máa ń ní iṣẹ́ abẹ ló kù.

Gbogbo èémí líle kọ́ ni ọ̀fìnkìn sì. Ọkàn tó ń ṣàárẹ̀ lè fà á. Nǹkan tó hù nínú àyà lè fà á, pàápàá bí ojú méjèèjì bá ń yọ síta. Abo ehoro tó ti dàgbà tí wọn kò yọ ilé ọmọ rẹ̀ lè ní jẹjẹrẹ níbẹ̀, kó sì ràn dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ihò imú kan ṣoṣo ni nǹkan ń gbà jáde, ojú ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà sì ń ṣomi.

Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí ó máa ń tọ́ka sí ibi tí wàhálà wà. Nígbà mìíràn, pòròpórò koríko kékeré kan ló há sínú imú. Ìyẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, ehoro á máa sín kíkankíkan, á máa fi ẹsẹ̀ họ imú.

Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ronú kan eyín. Eyín ehoro kò dẹ́kun híhù títí ó fi kú. Koríko tó ń lọ̀ lẹ́nu ló ń gé e kúrú. Bí eyín òkè kò bá rí nǹkan lọ̀ tó, gbòǹgbò rẹ̀ á máa ti ara rẹ̀ sókè, á sì tẹ ọ̀nà tí omijé ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti ojú wá sí imú. Ihò omijé kan ṣoṣo ni ehoro ní lójú kọ̀ọ̀kan, ní ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá ti dí, omi ò tún rí ibòmíràn gbà. Á dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, irun ibẹ̀ á re. Dókítà lè fi omi iyọ̀ tó mọ́ fọ ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá yẹ eyín wò, yóò padà.

Mo ní amoxicillin nílé. Ṣé mo lè fún un díẹ̀ kí n tó rí dókítà?

Ẹ má fún un. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un.

Inú ehoro kún fún kòkòrò rere tó ń bá a da koríko. Láìsí wọn, koríko kò lè dà nínú rẹ̀. Amoxicillin, ampicillin, penicillin oníwóró, clindamycin, lincomycin àti erythromycin máa ń pa àwọn ẹni rere wọ̀nyí, irú burúkú tó ń jẹ́ *Clostridium* á wá gba ilé, á máa tu májèlé sínú ìfun. Ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn náà, ikú lẹ́yìn ìyẹn. Kíkéré oògùn náà kò ní gbà á là.

Ẹni tó ta ehoro mi àkọ́kọ́ fún mi ló ní kí n tú kápúsù amoxicillin sínú omi rẹ̀ nígbà tó ń sín. Mo tú u. Ọjọ́ kẹrin ni mo gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Ọ̀fìnkìn kò pa á. Èmi ni mo fún un lóhun tó pa á, pẹ̀lú ìfẹ́. Bí ẹ ò bá rántí nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ rántí ehoro yẹn.

Àwọn oògùn tí àwọn dókítà sábà máa ń fún ehoro ni enrofloxacin, tàbí trimethoprim tí wọ́n pò mọ́ sulfa. Wọ́n lè gún penicillin lábẹ́rẹ́ sábẹ́ awọ; ìyẹn yàtọ̀ sí èyí tí ó gbé mì. Bí ehoro ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn oògùn, kí ẹ má ṣe fojú díwọ̀n ọn. Oògùn ọ̀fìnkìn àwọn ọmọdé kò yẹ fún un, bẹ́ẹ̀ ni ìpara olóòórùn líle tí a ń fi pa àyà. Ẹ yẹra fún steroid náà (oògùn tó ń dín wíwú kù) àfi bí dókítà tó mọ ehoro bá ní kí ẹ lò ó, torí ó máa ń sọ agbára ara di yẹpẹrẹ, kòkòrò tó ń sùn á sì jí.

Kí ni dókítà máa ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti tọ́jú ehoro rí. Kì í ṣe àfojúdi. Dókítà tó mọ ajá dunjú lè má mọ ehoro.

Bí mímí bá le, ọ́síjìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, torí ìpayà nìkan lè pa á. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbọ́ àyà, wọ́n á wo ẹnu àti eyín. Wọ́n lè ti òwú tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú imú lọ́hùn-ún láti mú ikun, kí wọ́n gbin ín ní yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n lè mọ irú kòkòrò tó jẹ́ àti oògùn tó ń pa á. X-ray orí àti àyà máa ń sọ púpọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn máa fi oògùn kùn ún lóorun, ẹ má fi ebi pa á láti òru bí a ṣe ń ṣe fún ajá: ehoro kì í bì, ìfun rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣófo.

Kí ni mo lè ṣe fún un nílé?

Ẹ nu imú rẹ̀. Ẹ fi òwú tó rin fún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ ikun tó ti gbẹ, kí ẹ má fà á tu, kí ẹ sì fi aṣọ gbẹ ibẹ̀. Ẹ ṣe inú ẹsẹ̀ iwájú bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ má wẹ̀ ẹ́. Ìwẹ̀ máa ń dẹ́rù bà á, ó sì ń mú òtútù wọ̀ ọ́ lára.

Dókítà lè ní kí ẹ lo nebulizer, ẹ̀rọ tó ń sọ omi iyọ̀ di ìkùukùu fífẹ́lẹ́ tí ehoro á máa fà símú. Omi iyọ̀ ilé ìwòsàn, ti 0.9%, ni wọ́n sábà ń lò, bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń gbé Òwú sínú àpótí rẹ̀, n ó fi aṣọ tínínrín bo ẹnu ọ̀nà, n ó sì jókòó tì í. Ní ìṣẹ́jú kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ óò rí i tí etí rẹ̀ yóò rọ̀ sẹ́yìn. Ẹ má gbé abọ́ omi gbígbóná sí i nídìí. Ooru omi gbígbóná kì í ṣe nebulizer.

Kò jẹun mọ́ láti àná.

Ẹ ti pẹ́. Ehoro tó bá lo bíi wákàtí 12 láìjẹun, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì dín kù tàbí tó dáwọ́ dúró, ìfun rẹ̀ lè ti ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn nìkan sì lè pa á kí ọ̀fìnkìn tó rí i ṣe. Òórùn ló ń fi mọ oúnjẹ. Bí imú bá dí, koríko kò yàtọ̀ sí pákó lójú rẹ̀. Ewé tútù tí òórùn rẹ̀ ta yọ lè fà á mọ́ra.

Dókítà lè fún yín ní oúnjẹ lílọ̀ tí ẹ óò fi sírínjì fún un. Ẹ gbà á láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ mì kí ẹ tó tún fún un. Bó bá ń mí tipátipá, ẹ má ṣe é rárá: yóò gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣé ibi tó ń gbé lè jẹ́ kó ṣàìsàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ìtọ̀ tó pẹ́ nílẹ̀ máa ń di amóníà, amóníà sì máa ń jó awọ inú imú tó yẹ kó máa lé kòkòrò jáde. Ẹ má dúró lókè kí ẹ sọ pé kò rùn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ gbé imú yín sí ibi tí tirẹ̀ wà, kí ẹ fà á símú. Bí ojú yín bá ta, ọjọ́ gbogbo ló ń mí ìyẹn.

Ẹ pààrọ̀ ibi tó ń tọ̀ sí lójoojúmọ́. Ẹ gbọn eruku koríko dànù níta kí ẹ tó gbé e wọlé. Èérún igi tí wọ́n fá lára igi pine tàbí cedar kò dára fún ibùsùn rẹ̀. Sìgá, tùràrí, lọ́fínńdà àti oògùn ẹ̀fọn afínsáfẹ́fẹ́, ẹ gbé wọn jìnnà sí yàrá rẹ̀.

Ooru mú, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣé ọ̀fìnkìn ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ooru. Ehoro kì í làágùn bí a ṣe ń làágùn, etí ló fi ń tú ooru jáde, bí yàrá bá sì ti kọjá 28 sí 30°C ó ti wọnú ewu. Etí rẹ̀ á gbóná, imú àti ẹnu rẹ̀ á tutù fún omi. Ẹ gbé e lọ síbi òjìji, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pa etí rẹ̀, kì í ṣe omi yìnyín, ẹ má sì rì í sómi. Kí ẹ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Ṣé ó lè ran ehoro kejì, tàbí èmi?

Ehoro kejì, bẹ́ẹ̀ ni: nípa ikun, sísín, abọ́ tí wọ́n jọ ń lò, àti ọwọ́ wa. Ehoro tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí méjì bá ti ń gbé pọ̀ tipẹ́, wọ́n ti jọ mí afẹ́fẹ́ kan náà, yíyà wọ́n sì lè bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ ju kí wọ́n jọ wà lọ. Ẹ bi dókítà.

Guinea pig, ẹran ilé kékeré kan tó jọ eku, kò gbọdọ̀ bá ehoro gbé. *Bordetella* tó kàn ń sùn nímú ehoro lè fa òtútù àyà tó le gan-an fún un. Ní tiyín, ọ̀fìnkìn yín kì í sábà ran ehoro. Bó bá gé yín jẹ tàbí tó họ yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, torí *Pasteurella* lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un?

Kò sí èyí tí a ń lò káàkiri fún ọ̀fìnkìn *Pasteurella*. Àwọn tó wà, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń tà á, wà fún àìsàn méjì mìíràn tó máa ń fara hàn nímú. Àkọ́kọ́ ni myxomatosis, tí ẹ̀fọn àti eégbọn ń gbé kiri: ojú á wú, ọyún á máa ti ojú àti imú jáde. Èkejì ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ ehoro tí wọ́n ń pè ní RHD, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Ṣáínà ní 1984. Irú rẹ̀ kejì yọ ní Faransé ní 2010. Ìyẹn lè pa ehoro lójijì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nímú.

Ó gba oògùn, ó san, ó tún ti padà. Ṣé kò ní lọ mọ́ ni?

Ó lè má lọ tán. Oògùn lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ má sì dá a dúró torí pé imú gbẹ lọ́jọ́ kẹta. Síbẹ̀, lára àwọn kan, kòkòrò náà á ti jókòó sínú egungun imú lọ́hùn-ún, níbi tí oògùn kì í dé tán. Ohun tí dókítà sọ fún mi nípa Òwú ni pé kí n má ṣe bèèrè bóyá ó ń sín, kí n bèèrè bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń sáré, bóyá ó ń fi àyà lélẹ̀ sùn.

Ó ṣe gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Láàárọ̀, n ó nu imú rẹ̀, n ó yí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wò, n ó ka ìhà rẹ̀. Iye tirẹ̀ jẹ́ 44. Ní àárọ̀ tó di 70, mo gbé àpótí rẹ̀ kí n tó wọ bàtà.